Bí Ìjọ Bá Pín, Ta Ló Ni Ilé Ìjọsìn?

Lórí òkè Kétu níbí, láti Ìfànyìn àti Ìṣàkẹ̀tẹ́ títí dé Pọ́bẹ̀ àti Kétu, abúlé tí kò ní ilé ìjọsìn kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Bàbá kan á gé igun kan lára oko rẹ̀, á ní, "Ẹ gbà, ti Ọlọ́run ni." Àwọn ọ̀dọ́ á lọ kó yanrìn. Àwọn obìnrin á pọn omi, ọ̀nà omi sì máa ń jìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ ilé tó wà ní Kútọnu tàbí ní Èkó á fi owó símẹ́ńtì ránṣẹ́. Ọdún kan á kọjá, ògiri á dúró. Ọdún mìíràn á kọjá, páànù á gun orí ilé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo abúlé ló ń jẹun níbẹ̀, àti onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà.

Lẹ́yìn náà ìjà lè dé. Bóyá wọ́n gbé pásítọ̀ tí ìjọ fẹ́ràn kúrò. Bóyá wọ́n ní kí ọkùnrin tó ní aya méjì má jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Bóyá ọ̀rọ̀ owó ìkórè ni. Apá kan nínú ìjọ á ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, àwa ń lọ." Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé àwọn ń fi ilé sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Àwa la kọ́ ọ. A kúrò lábẹ́ wọn, ilé wa sì ń bá wa lọ." Àwọn tó kù náà á ní, "Ẹ máa lọ, ilé kò ní ẹsẹ̀." Nígbà tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí àgádágodo méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Ta ló ni ilé náà? Àwọn àgbà tí mo ń kọ́ ní ìwé ní alẹ́ ti bi mí ní ìbéèrè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdáhùn rẹ̀ kì í dùn mọ́ èèyàn nínú: ẹni tó ru yanrìn kọ́ ni adájọ́ máa kọ́kọ́ bi. Adájọ́ máa kọ́kọ́ béèrè pé, "Orúkọ ta ló wà lórí ìwé, kí sì ni ẹ jọ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ wọ inú ìjọ náà?"

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan tí a mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ra ẹ̀rọ ìlọgbàdo. Ogójì obìnrin ló dá owó náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bínú, wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ṣé wọ́n lè gbé ẹ̀rọ náà lọ nítorí pé àwọn ló pọ̀ jù? Wọn ò lè gbé e. Nígbà tí wọ́n dá owó náà, wọn ò dá a fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ni wọ́n dá a fún. Ẹgbẹ́ ló ni ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́, ohun tí ìwé òfin ẹgbẹ́ bá sọ pé kó gbà ni yóò gbà. Bí ìwé náà kò bá sọ pé kó gba nǹkan kan, ọwọ́ òfìfo ni yóò gbé lọ.

Ti ìjọ tún le ju ti ẹ̀rọ ìlọgbàdo lọ, nítorí pé ìjọ tó wà ní abúlé wa sábà máa ń ní ìyá. A lè pe ti abúlé ní ìjọ àdúgbò, ká sì pe ìyá rẹ̀ ní ìjọ àpapọ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo ìjọ àpapọ̀ gbà ń mú àwọn ọmọ wọn. Nínú ìjọ Kátólíìkì, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ará Pọ́bẹ̀ kò lè jókòó lọ́jọ́ kan kí wọ́n dìbò pé ilé ìjọsìn àwọn ti kúrò lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Àjàṣẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ìpàdé àpapọ̀ wọn ló ń ṣe òfin, ohun tó bá sì sọ de gbogbo ìjọ àdúgbò. Ti àwọn Onítẹ̀bọmi yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe olórí ara rẹ̀, ìwọ̀nba àjọṣe ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, ìjà kan náà lè parí sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ méjì tí òfin wọn kò bára mu.

Kì í ṣe òní ni irú ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ní Èkó, ní oṣù kẹta ọdún 1888, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Onítẹ̀bọmi kúrò lábẹ́ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ W. J. David. Wọ́n ní ó ń darí àwọn bí ọmọdé. Wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, Native Baptist Church. Ọ̀kan nínú àwọn tó di olórí wọn ni Mójọlá Agbébí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ D. B. Vincent. Ilé ìjọsìn kù sọ́wọ́ míṣọ́nnárì, àwọn tó jáde sì lọ wá ibòmíràn. Ó tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí apá méjèèjì tó tún jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ní 1914. Agbébí yìí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀hún.

Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó kan náà. Ìjọ Áńgílíkà ni. James Johnson ló ṣe pásítọ̀ wọn fún bí ogún ọdún. Ọmọ aládùúgbò wa ni, wọ́n bí i ní Sàró, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ó lè bá òyìnbó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lójúkojú, ìjọ sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ní 1900 wọ́n fi jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó wà lókè rẹ̀ ni Herbert Tugwell, òyìnbó. Tugwell ní kí Johnson fi ilé pásítọ̀ Breadfruit sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wọlé. Ìjọ kọ̀. Lójú tiwọn, wọ́n ń fi bàbá àwọn wọ́lẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn jáde, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ilé tí àwọn bàbá wọn dá owó kọ́, àwọn bẹ́ǹṣì tí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń jókòó sí, ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó wọn, ibi tí wọ́n ti ka orúkọ òkú wọn. Wọn kò rí ìkankan mú jáde, nítorí pé ilé Áńgílíkà ni. Àní James Johnson fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde, kò bá wọn lọ! Ó dúró sínú Áńgílíkà títí ó fi kú ní 1917. Àwọn tó jáde dá African Church sílẹ̀ kí ọdún 1901 tó parí. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ẹni tó ní oko kòkó ní apá Agége, wà lára àwọn aṣáájú wọn, ó sì náwó sí i gan-an. Wọ́n kọ́ Bẹ́tẹ́lì ní Broad Street. Bẹ́tẹ́lì ṣì wà níbẹ̀ dòní, Breadfruit náà ṣì wà, ìrìn díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn.

Ní tèmi, mo máa ń yìn wọ́n. Inú bí wọn, wọ́n jáde, wọ́n sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó dá ìjọ Ẹlẹ́ja sílẹ̀ ní Èkó ní 1917 ṣe, nígbà tí ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Coker àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní owó. Ìjọ abúlé tó ná gbogbo agbára rẹ̀ sórí ilé kan ṣoṣo, níbo ló ti máa rí èkejì?

Ìgbà mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 1976, wọ́n gbé ìwé òfin tuntun kalẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ààrẹ ni olórí wọn ń jẹ́. Òfin tuntun sọ ọ́ di Pátíríákì, ó sì mú bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú ni Pátíríákì àkọ́kọ́. Àwọn kan ní òun kọ́ ni Mẹ́tọ́díìsì tí àwọn bá lọ́wọ́ àwọn bàbá àwọn. Wọ́n dúró sórí òfin àtijọ́. Bí ìjọ kan ṣe di ẹgbẹ́ méjì nìyẹn, ti Pátíríákì àti ti Ààrẹ. Ẹgbẹ́ méjèèjì ń jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ní àwọn kò jáde, èkejì ló yà kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ara wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Bí ọdún mẹ́rìnlá ni ó fi rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní 1990, nígbà tí Sunday Mbang jẹ́ olórí. Ìjọ di ọ̀kan padà, orúkọ Pátíríákì sì kúrò, wọ́n ń pè é ní Prelate báyìí. Ìjókòó àti àjọsọ ló mú wọn padà sínú ilé kan náà.

Nílẹ̀ wa náà, àwọn Mẹ́tọ́díìsì Benin pín sí méjì ní àwọn ọdún 1990. Ẹ̀yin tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí náà n kò ní fà á gùn. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ pín sí apá méjì lè sọ fún yín bí ìsìnkú ṣe ń rí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ará kan kò fẹ́ wọ inú ilé tí ará kejì wà.

Ti ìjọ Sẹ̀lẹ́ tún gba ọ̀nà mìíràn. Àjàṣẹ́ ni Samuel Biléhou Joseph Oshoffa ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ó kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀, tí kò jìnnà sí Kétu wa níbí, ní òdìkejì ààlà. Ìwé òfin ìjọ náà ti 1980 sọ pé pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa yan ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Ó kú, àwọn èèyàn kò sì fẹnu kò lórí ẹni tó yàn. Wọ́n fi Alexander Abíọ́dún Bada jẹ ní oṣù kejìlá ọdún 1987. Josiah Káyọ̀dé Owódùnní ní òun ni. Ẹjọ́ yẹn gun òkè láti ilé-ẹjọ́ kan dé èkejì títí ó fi dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà, ọdún 2000 ni wọ́n tó dá a níbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Bada kú. Lẹ́yìn rẹ̀, Nàìjíríà àti Àjàṣẹ́ kò tún fẹnu kò sórí olórí kan mọ́.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ilé? Ó ní í ṣe púpọ̀. Bí olórí bá di méjì, pàróòṣì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń tẹ̀ lé. Ẹ sì mọ bí ọ̀pọ̀ pàróòṣì ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan ló rí ìran, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, àwọn èèyàn sì wá bá a níbẹ̀. Bí ìjà dé, ó lè ní, "Ilé mi ni." Òótọ́ ni, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá owó ìkórè fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Owó wọn ló kan ilé náà ní páànù.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú adájọ́, ohun tí àwọn adájọ́ sì sọ kò bára mu. Ẹ gbọ́ ti Scotland ná, nítorí ó yà mí lẹ́nu. Ìjọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Free Church. Ní 1900, púpọ̀ jù nínú wọn ní kí àwọn da pọ̀ mọ́ ìjọ mìíràn. Àwọn díẹ̀ péré kọ̀, àwọn ará orí òkè ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn díẹ̀ yìí lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n ní, "Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí kọ́ ọ fún ẹ̀kọ́ kan. Àwa la ṣì di ẹ̀kọ́ náà mú." Ní 1904, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Lọ́ńdọ̀nù gbà fún wọn. Gbogbo ilé, gbogbo ilẹ̀, gbogbo owó, ti àwọn díẹ̀ náà ni! Wọn kò tilẹ̀ ní pásítọ̀ tó tó láti kún inú àwọn ilé náà. Ariwo sọ, títí ìjọba fi ṣe òfin pàtàkì kan ní 1905, tí wọ́n sì yan àwọn èèyàn láti pín ohun ìní náà bó ṣe tọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọ Presbyterian kan ní Louisville pín nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ní 1872, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ sọ pé bí ìjọ àdúgbò bá wà lábẹ́ ìjọ àpapọ̀, ohun tí àwọn àgbà ìjọ àpapọ̀ bá sọ ni adájọ́ máa tẹ̀ lé, nítorí adájọ́ kì í ṣe wòlíì, kò lè mọ ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tọ́. Ọdún 107 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1979, ilé-ẹjọ́ kan náà fi ọ̀nà kejì kún un. Ìjọ kan ní ìlú Macon ti dìbò: èèyàn 164 ní kí àwọn kúrò, èèyàn 94 ní kí àwọn dúró. Ilé-ẹjọ́ ní adájọ́ lè ka ìwé ilẹ̀, ìwé òfin ìjọ àdúgbò àti ìwé òfin ìjọ àpapọ̀, bí ìgbà tó ń ka ìwé ẹgbẹ́ èyíkéyìí, láìwo ẹ̀kọ́ ìsìn. Ní ìkẹyìn, àwọn 164 ló gba ilé. Ẹ rí i pé bí ìwé bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń lọ náà lè jàre.

Ìwé Mẹ́tọ́díìsì ti Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ sọ̀rọ̀ kedere. Ó ní ìjọ àdúgbò kàn ń bá ìjọ àpapọ̀ tọ́jú ilé ni. Nígbà tí ìjà dé láàárín wọn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan láti 2019 títí di ìparí 2023: ìjọ tó bá fẹ́ mú ilé rẹ̀ lọ, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì san owó kan tí wọ́n ṣírò fún wọn, títí kan ti owó ìfẹ̀yìntì àwọn pásítọ̀. Ó ju ìjọ 7,600 lọ tó gba ọ̀nà náà jáde. Kò sí àgádágodo méjì níbẹ̀, owó àti ìbò ló parí rẹ̀.

Níbi tó burú jù ní Áfíríkà, ẹ jẹ́ ká wo Harare ní Zimbabwe. Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ibẹ̀, Nolbert Kunonga, yà kúrò lára ìjọ àpapọ̀ wọn ní 2007. Ó lọ tán, ó tún di kàtídírà, ilé ìjọsìn, ilé pásítọ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ mú. Àwọn ọlọ́pàá ń lé àwọn tí kò tẹ̀ lé e jáde. Ọdún márùn-ún ni àwọn èèyàn fi ń jọ́sìn lábẹ́ igi àti nínú ilé ìjọ ẹlòmíràn, nígbà òjò àti nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Zimbabwe dá ẹjọ́ náà. Ó ní ẹni tó bá kúrò nínú ìjọ, ohun ìní ìjọ kò bá a kúrò. Kí Kérésìmesì ọdún náà tó dé, wọ́n ti padà sínú kàtídírà wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé. Kí ni òfin Benin wí? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ 23 pé ìjọba kì í ṣe ọ̀gá lórí ìjọ, àwọn ìjọ ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ara wọn. Nítorí náà, ẹ má retí pé adájọ́ yóò sọ pásítọ̀ tí Ọlọ́run yàn. Ẹsẹ̀ 22 sì dáàbò bo ohun ìní olúkúlùkù. Adájọ́ lè sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Láti sọ ìyẹn, ìwé ló máa wò.

Lórí ilẹ̀, òfin tí a ń tẹ̀ lé ni ti oṣù kẹjọ ọdún 2013, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2017. Ìwé tó lágbára jù ni titre foncier. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí titre foncier, òun ló nilẹ̀. Ìwé ọjà tí ẹ̀yin àti olùtà jọ fọwọ́ sí dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó titre foncier. Ilẹ̀ ìdílé tí kò ní ìwé rí lè gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní attestation de détention coutumière, ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní mẹ́rì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń fa wàhálà. Ẹ rántí bàbá tó ní "Ẹ gbà, ti Ọlọ́run ni". Bàbá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ á ní bàbá àwọn kàn yá ìjọ ní ilẹ̀ ni. Apá méjì ìjọ ń jà lọ́wọ́, ẹbí tó ni ilẹ̀ á wá di apá kẹta, àwọn ni wọ́n sì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Ìjọ tí ìjọba kò mọ̀, tí kò ní récépissé, kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ ra ilẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á kọ orúkọ pásítọ̀, tàbí ti akápò, tàbí ti ọmọ abúlé kan tó mọ̀wé. Bí ẹni náà bá kú, lójú òfin, ogún àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Bí ó bá bínú lọ sí ìjọ mìíràn, òun àti ìwé jọ lọ nìyẹn. Kò sì túmọ̀ sí pé olè ni. Ẹ̀yin lẹ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó da ìpìlẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rán pásítọ̀ sí yín pé: orúkọ ta la máa kọ sórí ìwé ilẹ̀? Bí ìjọ àpapọ̀ bá ní orúkọ òun ni, kò burú, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba ilé lọ́wọ́ alágàbàgebè tó lè tà á. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n, kí a sì ka ìwé òfin náà sí wọn létí ní èdè Yorùbá, àtàwọn obìnrin tó ń pọn omi. Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ pé àwọn àgbà mẹ́ta péré ló máa mọ ohun tó wà nínú ìwé tí igba èèyàn ń dá owó sí. Bí ẹnì kan bá fún yín ní ilẹ̀, ẹ pe àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà, kí àwọn náà fọwọ́ sí i nígbà tí bàbá wà láàyè. Notaire ló lè kọ ìwé ẹ̀bùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó máa gba owó díẹ̀, àmọ́ owó náà kéré sí owó ẹjọ́.

Bí ìjọ bá ti pín ńkọ́? Ẹ má ṣe pa àgádágodo dà. Ẹni tó bá fọ́ ilẹ̀kùn, kódà kó jẹ́ òun ló nilé, ó lè di ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Ẹ lè fi àsìkò pín in: apá kan ní aago mẹ́jọ, apá kejì ní aago mọ́kànlá, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ adájọ́, nítorí ẹjọ́ ń pẹ́, ẹ sì ti rí i pé ti Sẹ̀lẹ́ ní Nàìjíríà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Bí àgbà ìlú kò bá rí i parí, ilé-ẹjọ́ ń bẹ. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ kó gbogbo ìwé jọ, èyí tí ó gbó pàápàá: ìwé ilẹ̀, ìwé tí wọ́n fi rán pásítọ̀ wá, ìwé tí akápò fi ń kọ owó.

Ẹ má gbàgbé àwọn nǹkan kéékèèké. Agogo, bẹ́ǹṣì, ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwo Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, owó tó wà ní báǹkì. Wọ́n máa ń pòórá ní òru kí ẹnikẹ́ni tó rántí wọn. Ẹ pe huissier kó wá kọ gbogbo wọn sílẹ̀ lójú apá méjèèjì. Bí owó huissier bá pọ̀ jù fún yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìjọ kan láti apá kọ̀ọ̀kan jọ kà wọ́n, kí wọ́n jọ kọ ọ́, kí olórí abúlé sì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan sọ́wọ́ apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ olórí abúlé. Ẹ kọ ọjọ́ oṣù síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí òkú bá sì wà nínú ọgbà ìjọ, ẹ kọ orúkọ wọn àti ibi tí sàréè wọn wà, kí ẹbí wọn lè máa wọlé láti tún un ṣe, ẹnikẹ́ni tí ilé náà ìbáà kù sí lọ́wọ́.